Ìwúkàrà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó wà ní wọ́ọ̀dù: ṣé fluconazole náà ṣì ni?

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ń pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ni mo gbé wá. Ẹ mọ irú wọn: wọ́n ti gba ceftriaxone, wọ́n ti bọ́ sórí meropenem (antibáyótíìkì ni méjèèjì), rọ́bà (kátítà) wà nínú iṣan ńlá ọrùn wọn tàbí ti itan, bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn, bóyá wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín. Ibà wọn a lọ, a tún padà. Tó bá yá, láàbù á kọ ọ́ pé "a rí ìwúkàrà nínú ẹ̀jẹ̀". Ó parí síbẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí oògùn tó ràn án.

Àṣà tó wọ́pọ̀ ní Ìkòròdú níbí ni pé Candida albicans, irú ìwúkàrà (fungus kéékèèké) kan, la máa ń kà á sí, fluconazole, oògùn tó ń gbógun ti fungus, la sì máa ń fi sí i. Mo wá ń gbọ́ pé kì í ṣe albicans nìkan ló ń ṣe é mọ́. Kí ló yí padà, kí ló sì fà á? Báwo la ṣe máa gba ẹ̀jẹ̀ náà, nígbà tó jẹ́ pé láàbù tó ní ẹ̀rọ tó ń ka ìgò fúnra rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Mile 12? Tí a ò bá rí caspofungin, oògùn fungus mìíràn, kí ló kù? Rọ́bà ọrùn yẹn ńkọ́, ṣé ká yọ ọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òǹkà sí i, kí n lè kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń jókòó sí.

Dókítà Ẹ̀bá-Ọ̀sà:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi àyípadà yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló sọ ìdí tí ìyókù fi rí bó ṣe rí.

Albicans ṣì ń ṣíwájú níbi púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ yòókù pọ̀, wọ́n ti tó o, níbòmíràn wọ́n ti jù ú lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ẹyọ kan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà àti àríwá Yúróòpù, glabrata ni, pàápàá lára àwọn tó ti dàgbà. Ní Éṣíà, tropicalis ló wọ́pọ̀. Ní gúúsù Yúróòpù, Látìn Amẹ́ríkà àti South Africa, parapsilosis ni. Candida auris wá dé bá wọn. Ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Japan, láti inú ihò etí aláìsàn kan. Etí náà ni auris túmọ̀ sí ní èdè Látìn. Kò pẹ́ sí i tó fi yọ ní India, South Africa àti Venezuela. Nígbà tí wọ́n yẹ ìran wọn wò, wọn ò bára wọn tan tímọ́tímọ́, ìyẹn ni pé kì í ṣe ojú kan ló ti ràn ká, ibi púpọ̀ ló ti yọrí láàárín àkókò kan náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) to àwọn fungus tó ń ṣàkóbá fún ènìyàn sí ipele ipele. Mẹ́rin ló wà ní ipele tó le jù: Cryptococcus neoformans (ìwúkàrà mìíràn tí kì í ṣe Candida), Candida auris, Aspergillus fumigatus àti Candida albicans. Glabrata, tropicalis àti parapsilosis wà ní ipele tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé albicans ti di ọ̀rọ̀ àná.

Kí ló fà á? Púpọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ àwa tó ń tọ́jú aláìsàn ló ti wá. Fluconazole tí a ń fún gbogbo ènìyàn máa ń dá albicans dúró, á sì ṣẹ́ glabrata àti krusei kù, àwọn tí kò kà á sí. Antibáyótíìkì tó lágbára ń pa àwọn bakitéríà inú ìfun tí kì í jẹ́ kí ìwúkàrà pọ̀ jù. Tí abẹ bá tún ṣí ìfun, ọ̀nà ti là dé inú ẹ̀jẹ̀. Parapsilosis ní tirẹ̀, awọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ń gbé, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ike. Ó máa ń hun nǹkan bí òwú aláǹtakùn bo ara rẹ̀ mọ́ inú rọ́bà, oògùn kì í ríbi wọ ibẹ̀ dáadáa. Ó sì fẹ́ràn oúnjẹ tí a ń gba inú iṣan fún aláìsàn. Nígbà kòrónà, steroid àti pípẹ́ ní ICU (wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe) tún dá kún un. Ẹ má gbàgbé ohun rere tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn tí ì bá ti kú lọ́jọ́ kejì tẹ́lẹ̀ ń yè dé ọjọ́ ogún báyìí, ọjọ́ ogún yẹn sì ni ìwúkàrà máa ń wá.

Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì rèé: krusei ò gbọ́ ti fluconazole rárá, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Glabrata lè gbọ́ tí oògùn bá pọ̀ dáadáa, ó sì lè má gbọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú auris ò gbọ́. Tí ẹ bá rí Nakaseomyces glabratus nínú èsì, glabrata yẹn náà ni. Pichia kudriavzevii ni krusei. Wọ́n yí orúkọ wọn padà ni, àìsàn ò yí padà.

Ẹ fi èyí sókè pátápátá lára ògiri yín: ìwúkàrà tó bá yọ nínú ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, kódà kó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà, kì í ṣe ìdọ̀tí tó bọ́ sínú ìgò. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí bí ìtọ́jú bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ikú ń sún mọ́ ọn. Ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ti ìtọ̀ inú kátítà yàtọ̀ o. Candida tó bá wà níbẹ̀ kàn lè máa gbébẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó ti wọ ẹ̀jẹ̀.

Rọ́bà ọrùn: ẹ yọ ọ́. Kété tí èsì bá dé, tí ọ̀nà mìíràn bá ti wà tí oògùn lè gbà wọlé. Ẹ má fi wáyà pààrọ̀ rẹ̀ sí ojú ihò kan náà, torí èyí tó wà lára ti àtijọ́ á kàn bá tuntun lọ. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an nítorí oògùn jẹjẹrẹ nìkan ló gba àròjinlẹ̀, torí ìfun ló sábà máa ń jẹ́ orísun tirẹ̀.

Ọ̀gá Láàbù:

Dókítà ti sọ ti orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ náà ṣe máa jáde, torí àti ibi gbígba ẹ̀jẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́.

Ìgò ẹ̀jẹ̀ kì í rí ju nǹkan bí ìdajì lọ nínú àwọn tó ní Candida lára tó jinlẹ̀. Ìwúkàrà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń kéré níye, ó lè má ju ẹyọ kan lọ nínú ml kan. Ẹni tó bá fa ml 2 sínú ìgò àgbàlagbà ti sọ ọ́ di ìgò òfo kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ml 8 sí 10 ni kó wọ ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìgò méjì láti ojú iṣan kan, ìgò méjì láti ojú iṣan kejì, méjì láti ẹ̀kẹta, láàárín ọjọ́ kan náà: gbogbo rẹ̀ á tó ml 60. Ó pọ̀ lójú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìdámẹ́wàá ohun tó wà nínú báàgì ẹ̀jẹ̀ méjì tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹ gbà á kí oògùn fungus tó wọlé. Tí aláìsàn bá ní rọ́bà, ẹ fa kan láti inú rọ́bà náà, kí ìyókù wá láti apá, kí ẹ sì kọ èyí tó jẹ́ ti ibo sára ìgò.

Ẹ fi ọtí 70% nu awọ, ẹ fi chlorhexidine tàbí iodine tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́nu, ẹ má tún fi ọwọ́ kan án. Ẹ ṣí ìdérí ìgò, ẹ fi ọtí nu orí rọ́bà rẹ̀ náà, torí abẹ́ ìdérí yẹn ò mọ́ tó bí a ṣe rò.

Láti ọ̀dọ̀ yín sí òdìkejì Mile 12: ẹ má fi ìgò ẹ̀jẹ̀ sí fíríìjì. Mo tún un sọ. Òtútù á dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró. Ibi tí oòrùn ò sí, nínú yàrá lásán, ló yẹ kó wà, kó sì dé láàbù láàárín wákàtí 4 tí ọ̀nà bá gbà. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ o, oòrùn ibẹ̀ á sè é.

Fún láàbù tó ń fi ọwọ́ ṣe é: 35 sí 37°C, kí ẹ sì rí i pé iná inkubétọ̀ ò kú lóru; tí kò bá sí jẹnẹrétọ̀, ẹ má ṣe ìlérí èsì. Ẹ má dúró dìgbà tí omi ìgò bá dàrú, ìwúkàrà lè wà nínú omi tó ṣì mọ́ gaara. Ẹ fà á sórí Sabouraud (agar, oúnjẹ tí fungus ń hù lórí rẹ̀) ní wákàtí 24, ní 48, àti ní ọjọ́ 5. Sabouraud tó ní chloramphenicol dára. Èyí tó ní cycloheximide, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó níbí: ó máa ń pa Cryptococcus àti díẹ̀ nínú àwọn Candida tí à ń wá gan-an.

Lórí Gram (àwọ̀ tí a fi ń wo kòkòrò lábẹ́ maikirosíkóòpù), ó máa ń gba àwọ̀ àlùkò bíi Gram-positive, ó tóbi ju bakitéríà lọ fíìfíì, ọmọ á sì máa hù lára ìyá. Ẹ fóònù wọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró de pépà. Lẹ́yìn náà ni germ tube, ìdánwò tó ń wò ó bóyá ìwúkàrà náà á yọ ìrù: sẹ́rọ́ọ̀mù ènìyàn ml 0.5, ẹ fi orí wáyà kan ara ìwúkàrà díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ọn, 37°C fún wákàtí 2 sí 3. Tó bá yọ ìrù tí ìdí rẹ̀ ò sún kì, albicans ni, tàbí dubliniensis tó jọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí 3 lọ, torí tropicalis náà lè yọ nǹkan tó jọ ọ́, ìdí tirẹ̀ a sì sún kì. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú germ tube ni pé wọ́n máa ń kó ìwúkàrà tó pọ̀ jù sí i, kò sì ní yọ ìrù kankan. Omi náà kàn gbọ́dọ̀ fẹ́ dàrú díẹ̀ ni.

Tí ẹ bá ní CHROMagar (agar tó ń fi àwọ̀ ya àwọn Candida sọ́tọ̀), albicans á jẹ́ aláwọ̀ ewé, tropicalis á jẹ́ búlúù, krusei á jẹ́ píǹkì, ara rẹ̀ á sì rí hàràhàrà. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dájọ́ auris. Ohun èlò ìdánimọ̀ àtijọ́ máa ń pè é ní haemulonii. Èyí tí wọ́n bá pè ní haemulonii, tó sì ń dàgbà ní 42°C, ẹ fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ní MALDI-TOF (ẹ̀rọ tó ń dá kòkòrò mọ̀) tàbí tí wọ́n ń ka DNA.

Kí n tó lọ: ìwúkàrà tí germ tube rẹ̀ ò yọ, tó rí róbótó, tó sì wá láti ara ẹni tó ní HIV, ẹ wá Cryptococcus kí ẹ tó pè é ní Candida. Ìdánwò India ink, urease, àti CrAg (ti Cryptococcus) tí ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Caspofungin ò ṣe Cryptococcus ní nǹkankan.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó:

Ẹ ṣé gan-an, Ọ̀gá. Tí ibà bá wá dé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ńkọ́? Kò sọ́kọ̀ tó máa gbé ìgò lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀gá Láàbù:

Ẹ gbà á ní aago mẹ́wàá náà. Ẹ má fi oògùn jáfara nítorí ọkọ̀. Ẹ fi ìgò sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ kọ wákàtí tí ẹ gbà á sára rẹ̀, kó bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ láàárọ̀. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú inkubétọ̀ tí yóò bá tún wọ ẹ̀rọ, torí ìgò tó bá ti dàgbà kó tó dénú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lè má rí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí láàbù mọ̀ pé ó pẹ́, wọ́n á fa a sórí agar kí wọ́n tó fi sínú ẹ̀rọ.

Ìyá Olóògùn:

Mo bá yín dé ibi oògùn.

Ohun tí ìlànà ìtọ́jú fẹ́ kí a kọ́kọ́ lò fún ẹni tí ara rẹ̀ le ni àwọn oògùn fungus ti ìdílé echinocandin. Caspofungin: mg 70 lọ́jọ́ kìíní, mg 50 lójoojúmọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Micafungin: mg 100 lójúmọ́. Anidulafungin: mg 200, lẹ́yìn náà mg 100. Ẹ po caspofungin sínú saline (omi iyọ̀) 0.9%, ẹ jẹ́ kó sàn fún wákàtí 1. Ẹ má pò ó mọ́ dextrose (omi ṣúgà) o, ó máa ń bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ìgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8°C, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ rà á béèrè bí fíríìjì ilé oògùn náà ṣe ń rí iná, kó sì gbé e wálé nínú kúlà tó ní yìnyín, kí yìnyín má fara kan ìgò. Àwọn echinocandin kì í dé inú ìtọ̀, ojú tàbí ọpọlọ dáadáa. Parapsilosis náà kì í tètè gbọ́ tiwọn tó bí albicans ṣe ń gbọ́.

Tí kò bá sí, amphotericin B ló kù, èyí tí kíndìnrín ń bẹ̀rù. Ti àtijọ́, deoxycholate: mg 0.5 sí 1 fún kílò ara kan lójúmọ́. Ká ní aláìsàn jẹ́ kílò 60, a sì fẹ́ mg 0.7: mg 42 ni. Ẹ fi omi abẹ́rẹ́ ml 10 yọ́ ìgò mg 50, ẹ fa ml 8.4, ẹ dà á sínú dextrose 5% ml 500, kó sàn fún wákàtí 4 sí 6. Níbí, saline ni ọ̀tá: á dì bíi wàrà tó ti kan, á sì dí rọ́bà. Ẹ wo bí òun àti caspofungin ṣe lòdì síra wọn, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá láago méjì òru. Ẹ fi dextrose fọ rọ́bà ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí oògùn tó wọlé, ẹ fún un ní saline lítà 1 tó ní potassium mmol 20 ní ọ̀nà ọ̀tọ̀, tí ọkàn àti kíndìnrín bá gbà á. Ẹ yẹ potassium, magnesium àti creatinine (èyí tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe) wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Gbígbọ̀n tó máa ń mú wọn, paracetamol ṣáájú á dín in kù. Ti liposomal, mg 3 sí 5 fún kílò ara kan, ó tura fún kíndìnrín, owó rẹ̀ ló ga.

Fluconazole ò di èèwọ̀. Ó dára fún ẹni tí ara rẹ̀ ò le, tí kò tíì lo irú rẹ̀ láìpẹ́ yìí, tí kò sì sí ìfura pé krusei tàbí glabrata ni. Ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ kọ́: mg 12 fún kílò ara kan lọ́jọ́ kìíní, ìyẹn mg 800 fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, lẹ́yìn náà mg 400 lójúmọ́. Ìgò dírípù mg 200 nínú ml 100 jẹ́ mẹ́rin lọ́jọ́ kìíní, kò sì gbọdọ̀ sáré ju mg 200 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà wákàtí 4 ni. Kápúsù mg 150 ẹyọ kan tí wọ́n ń tà fún àwọn obìnrin ní gbogbo kẹ́mísìtì, kì í ṣe ìtọ́jú èyí. Tí kíndìnrín bá ti rẹ̀, ẹ má dín ti ọjọ́ kìíní kù. Ti ọjọ́ kejì lọ ni ká gé sí ìdajì. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ fún un lódindi lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́ tán.

Ẹ wo àwọn oògùn tó bá a rìn: glibenclamide (ṣúgà lè já sílẹ̀ lójijì), warfarin, phenytoin, haloperidol, artemether-lumefantrine. Rifampicin máa ń dín agbára fluconazole kù, ti caspofungin náà sì ni.

Mátírọ́ọ̀nù Ṣàbó:

Nọ́ọ̀sì mi, ti ìmọ́tótó ló kù. Auris lè wà lórí irin bẹ́ẹ̀dì, ìdè ìfúnpá àti tẹmómítà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, lójú gbígbẹ. Àwọn apakòkòrò tí wọ́n kọ quaternary ammonium sí lára ò tó fún un. Klorín ni: bílíìṣì tí a kọ 3.5% sí lára, ml 100 pẹ̀lú omi lítà 3.4, á fún yín ní klorín 1000 ppm (mg 1000 nínú lítà kan). Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, torí ìdọ̀tí máa ń jẹ klorín tán, kí ẹ tó fi bílíìṣì nù ún, kó sì wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, kí ike rẹ̀ má wà lóòrùn. Ẹ má pò ó mọ́ ohun tí ẹ fi ń fọ ṣálángá o, èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Aláìsàn náà, yàrá tirẹ̀ tó bá wà, ìdè ìfúnpá tirẹ̀, gílóòfù àti gáùn lẹ́nu ọ̀nà. Ọtí ìfọwọ́ ń ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ ò bá dọ̀tí lójú. Tó bá dọ̀tí, omi àti ọṣẹ. Gílóòfù ò rọ́pò fífọ ọwọ́.

Fún rọ́bà iṣan ńlá tuntun: chlorhexidine 2% nínú ọtí sára awọ kí wọ́n tó kì í, ẹ fi ọtí fọ ẹnu rọ́bà fún ìṣẹ́jú àáyá 15 nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ sí i. Bándéèjì olówùú, ọjọ́ 2 ni. Èyí tó mọ́ gaara, ọjọ́ 7, àyàfi tó bá tú tàbí tó tutù. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì pé: ṣé ó ṣì nílò rọ́bà yìí?

Dókítà Ẹ̀bá-Ọ̀sà:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjọ́ kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá oògùn dúró láìtọ́. Ọjọ́ 14 kì í ṣe láti ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì-méjì títí tí kò fi ní sí nǹkan mọ́. Ọjọ́ tí ẹ gba èyí àkọ́kọ́ tó mọ́ ni ọjọ́ òǹkà kìíní. Tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti mọ́, tí láàbù sì ní fluconazole ràn án, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ara echinocandin sórí fluconazole lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, kó parí rẹ̀ pẹ̀lú kápúsù.

Kí dókítà ojú fẹ ẹyinjú rẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, bí ó tilẹ̀ sọ pé òun ń ríran dáadáa. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń hù ú lẹ́yìn ọjọ́ 3 tí oògùn tó tọ́ ti wọlé, tí ẹ sì ti yọ rọ́bà, ẹ yẹ ọkàn wò pẹ̀lú echo (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn), ẹ wo ikùn fún egbò tó ń kó ọyún, ẹ wo iṣan tí rọ́bà ti jáde bóyá ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó:

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Dókítà. Ẹyọ kan ló kù: ẹni tí kò ní rọ́bà ọrùn rárá, dírípù ọwọ́ nìkan ló ní?

Dókítà Ẹ̀bá-Ọ̀sà:

Ẹ yọ ti ọwọ́ náà, ẹ ki tuntun sí apá kejì. Tí iṣan àtijọ́ bá le bí okùn lábẹ́ awọ, tó pọ́n, tàbí tí ọyún ń yọ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà, torí iṣan yẹn gan-an lè jẹ́ ibi tí ìwúkàrà ti ń jáde.